Ọkọ̀ Tí A Kò Pè

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn panápaná dé ilé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fèrè nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù. Ìyẹn dájú. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, aládùúgbò méjì sì sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìgbìmọ̀. Ohun tí kò dájú ni iyọ̀ tí àdúgbò fi sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, pé iná ga tó òrùlé, pé ojú fèrèsé ni wọ́n gbé bàbá náà gbà jáde. Iná kankan ò ga tó òrùlé. Èéfín ló pọ̀. Ohun tó jóná ò ju tábìlì kan àti aṣọ fèrèsé kan lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sì ni bàbá náà fi rìn jáde, ó mú fìlà rẹ̀ dání.

Ohun tó fa èéfín náà ò gùn ju bírò ìkọ̀wé lọ. Irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ni, èyí tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ wáyà. Bàbá Fèrè ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri, ó gbé e lé orí tábìlì kó lè gbóná, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ká aṣọ tó sá. Níbi tó ti ń ká aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko. Kò rántí irin mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, dé lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó fi ìka kan ara tábìlì tó ti di èédú, ó wo ìka náà, lẹ́yìn náà ló wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan nìyí. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó máa gbé. A ó ti ilé yìí pa."

"Àwọn ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹ ti dé ilé mi rí, Bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, níbo la máa gbé wọn sí?"

Bàbá Fèrè mọ ilé náà. Ó ti dé ibẹ̀ rí lóòótọ́. Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń sùn sí pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn nìkan kọ́ ló ká a lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí wọ́n jọ pín imú àti iwájú orí bí ẹni tó ya fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ti kú kí ọdún yẹn tó dé. Kó tó kú, ó ń pe ìyàwó ara rẹ̀ ní "màdáàmù", ó sì máa ń bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo ló máa padà sílé ọkọ rẹ̀. Bàbá Fèrè ló tọ́jú rẹ̀ dé òpin, ó mọ ibi tí àrùn ìgbàgbé náà ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́tùrù ló fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́tùrù kan ṣoṣo tó gbàgbé sórí iná títí omi fi gbẹ tí ìdí rẹ̀ fi dá lu. Gbogbo ẹbí ló fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Fèrè dúró lójú ọ̀nà tó ń wo èéfín tó ń jáde nílé rẹ̀, kì í ṣe tábìlì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kẹ́tùrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ìdíkọ̀ reluwé kékeré kan kí wọ́n tó ti ojú irin náà pa. Òun ló ń fun fèrè kí ọkọ̀ tó gbéra, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ṣùgbọ́n ariwo lásán ni fèrè. Iṣẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ ọ̀pá. Ojú irin kan péré ló wà láàárín ìdíkọ̀ rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e, orí rẹ̀ sì ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń gbà. Wọ́n wá ní ọ̀pá irin kan tó dúró fún ojú ọ̀nà náà. Awakọ̀ tí kò bá gbà á lọ́wọ́ Bàbá Fèrè kò gbọdọ̀ gbéra, ì báà jẹ́ ọba ló gbé sẹ́yìn. Ọ̀pá kan, ọkọ̀ kan. Bí ọ̀pá kò bá tíì padà wálé, kí ọkọ̀ kejì máa sun níbi tó wà.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ méjì pàdé lórí irin yẹn. Orí ló kó wọn yọ, àwọn awakọ̀ tètè rí ara wọn, wọ́n sì dúró níbi tí èèyàn kan ò ti lè nà tán láàárín ọkọ̀ kìíní àti ìkejì. Àwọn ọ̀gá wá láti olú iléeṣẹ́, wọ́n fi Bàbá Fèrè jókòó sórí àga, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú: ṣé ó fún ọkọ̀ méjì láṣẹ? Ó ní ọ̀kan lòun fún. Wọ́n yí i padà, wọ́n tún bi í. Ó ní ọ̀kan ni. Nígbà tó yá, awakọ̀ kejì jẹ́wọ́ pé òun gbéra láìgba ọ̀pá. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Fèrè ti fọkàn tán orí ara rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń fọkàn tán àgádágodo.

Àwọn ọkọ̀ tí Bàbá Fèrè bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kò tóbi, reluwé ìṣeré ni wọ́n. Orí ọkọ̀ tó ń fa èyí tó kù kò ju ìka àárín ọwọ́ lọ. Orí pátákó ńlá kan tó gba ìdajì pálọ̀ ni irin wọn wà, pẹ̀lú òkè kan tí wọ́n fi páálí àti àtè ṣe, ihò kan tó gba inú òkè náà kọjá, ìdíkọ̀ kan, àti afárá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ó máa ń jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa hun nǹkan, á sì máa fi ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baálé mi, ọkọ̀ yìí ṣókùnkùn jù. Ṣé òkú ni wọ́n kó sínú ẹ̀ ni?"

"Màá fi iná sí i."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tó bá yá."

Ìgbà náà yá, àmọ́ ìyá ti lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lọ́rùn ni Bàbá Fèrè lọ ra iná kéékèèké tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Ibẹ̀ ló ti bá ìṣòro pàdé. Láyé àtijọ́, iná tó wà nínú irin ló fi ń darí ọkọ̀. Bó bá yí bọ́tìnnì sókè, iná á pọ̀, ọkọ̀ á sáré. Bó bá yí i wálẹ̀, iná á tán, ọkọ̀ á dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná inú kóòṣì, ìyẹn yàrá èrò, á máa tàn nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, á sì kú pii tó bá dé ìdíkọ̀, ìgbà tó yẹ kí èrò ríran sọ̀ kalẹ̀ gan-an.

Ètò ìgbàlódé ló lè tú okùn yẹn. Nínú ètò yìí, iná kì í kúrò nínú irin. Orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun kékeré kan nínú, tí kò tó èékánná, tí Bàbá Fèrè ń pè ní ọpọlọ, ọpọlọ náà sì ní nọ́ńbà tó ń jẹ́. Àpótí ìdarí kan wà tó dà bí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà, ọpọlọ tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń dáhùn, àwọn tó kù á ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Gbogbo ọpọlọ tó bá ti iléeṣẹ́ wá ló ń jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá rà á ló máa fún un ní nọ́ńbà tuntun.

Lẹ́yìn iná tábìlì, ọmọ rẹ̀ ṣòfin. Ó kan ìṣó mọ́ ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó fi irin ìyọ́lẹ́ẹ̀dì kọ́ ọ. Bí Bàbá Télọ̀ ò bá sí lórí ìjókòó, irin náà ò gbọdọ̀ kúrò lórí ìṣó. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán, Bàbá Télọ̀ ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ padà.

Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Télọ̀, ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ojú ọ̀nà, òun àti Bàbá Fèrè sì ti ń bú ara wọn láti kékeré. Inú rẹ̀ dùn sí oyè tuntun náà.

"Fèrè, ṣé o rí i báyìí? Ọmọ ẹ ló fi mí ṣe ọ̀gá ẹ. Dìde, lọ pọn omi wá."

"Aṣọ ìgbéyàwó mi tó o gé apá ẹ̀ kan kúrú, mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Apá ẹ ló gùn jura lọ."

Iṣẹ́ náà fẹ́ sùúrù. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí òrùlé kóòṣì, wọ́n á lẹ iná kéékèèké mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá na wáyà tó rí bí irun láti ibẹ̀ dé ara ẹsẹ̀ irin tó ń yí lórí irin, nítorí ibẹ̀ ni iná ti ń wọlé. Bàbá Télọ̀, tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́, ló ń ki wáyà wọ ihò. Bàbá Fèrè ló ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Bàbá Télọ̀ tún kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ní ìhòòhò, nítorí náà wọ́n fi ọ̀dà wọ aṣọ fún àwọn èrò tí kò tó hóró ìrẹsì. Obìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé kóòṣì kẹta, tó wọ aṣọ búlúù. Bàbá Fèrè ò sọ ẹni tó jẹ́, Bàbá Télọ̀ náà ò bèèrè.

Ọkọ̀ èrò ni wọ́n kọ́kọ́ parí. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà méje, ó sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó kan ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Bàbá Télọ̀ bá a so ọpọlọ mọ́ ọn láàárọ̀, ó fi irin kọ́ ìṣó, ó sì lọ sílé lọ jẹun. Bàbá Fèrè nìkan ló kù. Ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù sórí irin níwájú, ó tẹ àpótí, ó fún un ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Àpótí ní òun ti gbọ́. Ọkọ̀ èrò wà níbi tí wọ́n gbé e sí, nínú ihò òkè, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé rẹ̀ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ihò.

Ó pe mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù gbéra jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Fèrè súfèé. Kò tíì súfèé náà tán tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ọkọ̀ èrò yọ jáde. Kò pè é. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo iná rẹ̀ ní títàn, ó kọjú sí ọkọ̀ ẹlẹ́rù, orí irin kan náà ni wọ́n sì wà. Bàbá Fèrè tẹ méje, ó ní kó dúró. Kò dúró. Ó tún tẹ méje. Ọkọ̀ náà ń bọ̀. Ó ju àpótí sílẹ̀, ó fa púlọ́ọ̀gì yọ lára ògiri, gbogbo rẹ̀ sì kú. Àlàfo tó kù láàárín àwọn méjèèjì kò gba àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ó dúró síbẹ̀, púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́. Ṣé ó ti pe méje ṣáájú ni? Kò rántí pé òun pè é. Ṣùgbọ́n kò rántí irin lọ́jọ́ tí tábìlì jóná náà. Ìyẹn ló le níbẹ̀. Bí èèyàn bá gbàgbé ohun tó ṣe, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé òun gbàgbé?

Kò sọ fún Bàbá Télọ̀. Ó fi ọwọ́ ti ọkọ̀ èrò padà sínú ihò bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara rẹ̀ wò. Ó ka orúkọ àwọn ìdíkọ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n pé. Ó ka nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ìparí rẹ̀ sì yọ̀ bọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oorun rẹ̀ dín kù. Lójoojúmọ́, bó bá ti jí, ó ń lọ fọwọ́ kan sítóòfù bóyá ó tutù, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà lọ fọwọ́ kàn án. Ó tún gbìyànjú ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan. Ó pe méje, ó sì dúró. Ọkọ̀ náà ò mira. Èyí tó wá nígbà tí a kò pè é kò wá mọ́ nígbà tí a pè é. Bàbá Fèrè fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó fi aṣọ bo pátákó náà látòkè délẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó gbé búrẹ́dì dání. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Télọ̀ wọlé, láìkanlẹ̀kùn, bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí iná tẹ́ ẹ ní ẹ ń ṣe."

"Kò tíì jinná, ìyá mi. Ó kù díẹ̀ káàtó."

"Irọ́ ńlá," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ó ti jinná tipẹ́. Nọ́ọ̀sì, ojú ló ń ti bàbá ẹ. Èmi ni mo rán gbogbo ẹ̀."

Ó ṣí aṣọ kúrò lórí pátákó. Kò sí ọgbọ́n mọ́. Bàbá Fèrè tan iná sí irin, ìmọ́lẹ̀ yọ lẹ́nu ihò, ọmọ rẹ̀ sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pe méje. Nǹkan kan ò mira. Ó tún un tẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú ọmọ òun ti kúrò lára ọkọ̀, ara òun ló wà.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, jàre," ni Bàbá Télọ̀ wí, ó já àpótí gbà. "Pe ẹlẹ́rù, kí ọmọ yìí rí nǹkan wò." Ó tẹ mẹ́sàn-án.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù gbéra. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò náà gbéra.

"Bàbá, ta ló pe ìyẹn?"

Bàbá Fèrè ti dé ìdí ògiri. Púlọ́ọ̀gì méjì ló wà níbẹ̀. Ó fa ti àpótí yọ, àwọn ọkọ̀ dúró lójijì, iná wọn sì kú.

"Mo béèrè ni, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ pè é, tẹ́ ẹ wá gbàgbé?"

Ọjọ́ àwọn ọ̀gá olú iléeṣẹ́ padà wá bá a. Ìbéèrè kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ yẹn ó ní ìdáhùn.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ó jókòó. "Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò mọ̀, ìyá mi."

Bàbá Télọ̀ gbé àpótí kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó gbóná. Ọmọ náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ bàbá rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò fún mi. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe ni kẹ́ ẹ sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tẹ́ ẹ fún ẹlẹ́rù ní nọ́ńbà, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo gbé e sórí irin."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń fún wọn lórúkọ. Mo tẹ mẹ́sàn-án. Àpótí ní ó ti wọlé."

"Èyí tó ní iná ńkọ́? Níbo ló wà nígbà yẹn?"

"Inú ihò."

"Lórí irin?"

Bàbá Fèrè kọjú sí pátákó. Ojú rẹ̀ lọ sí ara ihò, ó lọ sí ara ọkọ̀ ẹlẹ́rù, ó padà. Àpótí kì í yọ́ nọ́ńbà sọ sí ọkọ̀ kan létí. Bó bá fẹ́ fúnni lórúkọ, igbe ló ń ké, gbogbo ọpọlọ tó bá sì wà lórí irin ló ń gbọ́, tó ń gbà á. Ìdí nìyí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ọkọ̀ tó kù kúrò kó tó fún ọ̀kan lórúkọ. Ó kà á nínú ìwé tó bá àpótí wá. Nígbà tó ṣe ti ọkọ̀ èrò, òun nìkan ló wà, kò sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́.

"Mẹ́sàn-án làwọn méjèèjì ń jẹ́," ló wí. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ méje mọ́. Mo fún ọkọ̀ méjì ní ọ̀pá kan."

"Ìwọ?" ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ìwọ Fèrè? Áà, awakọ̀ ọjọ́sí gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Níbo ló ń gbé? Kó wá gbẹ̀san."

Bàbá Fèrè kọ́kọ́ wúkọ́, ikọ́ náà di ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Àṣìṣe ni. Ó ní orí, ó ní ìdí, èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe kẹ́tùrù. Wọ́n gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kúrò lórí irin, ó ki púlọ́ọ̀gì àpótí padà, ó sì fún ọkọ̀ èrò ní méje rẹ̀ padà. Ó pè é. Ó jẹ́.

Ọkọ̀ náà gba orí afárá, ó rọra wọ ìdíkọ̀, ó dúró, iná rẹ̀ kò sì kú. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú fèrèsé kóòṣì kìíní, ìkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ níbi ìkẹta.

"Aṣọ búlúù yẹn," ló wí.

"Èmi ni mo kùn ún," ni Bàbá Télọ̀ wí.

"Ó jọ Màámi, Bàbá." Ó nu ojú. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó ṣì máa gbé ilé yín. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ká ra bẹ́ẹ̀dì kan, màá ní kó fi sílẹ̀ ná."

Ara Bàbá Fèrè rọ̀ láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ó súfèé kékeré kan. Ọmọ rẹ̀ dìde láti lọ gé búrẹ́dì, ó fi ọwọ́ ti etí pátákó kó lè nàró, ó sì yára fa ọwọ́ náà padà, ó fi ìka sẹ́nu. Ó tẹ̀ ba, ó yẹ abẹ́ aṣọ tí Bàbá Télọ̀ ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò. Ó fi ojú tọ wáyà kan lọ láti ibẹ̀ dé ara ògiri, dé ibi púlọ́ọ̀gì kejì. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, sí ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ti ọkọ̀ yé mi, Bàbá. Àmọ́ irin ìyọ́lẹ́ẹ̀dì yìí ń jóni, èmi àti Bàbá Télọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ta ló ki í bọ iná?"